Ẹyin Ni Mo Kó Sẹ́yìn Ọkọ̀, Ẹ̀yìn Mi Ló Ń Fọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mo ka ojú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún píkọ́ọ̀pù lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo kà á tán, mo tún un kà. Ẹ sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó, ẹ sọ iye ẹrù tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè rù, ẹ sọ bí omi ṣe lè jìn tó kí ọkọ̀ tó kọ̀ láti là á kọjá. Ẹ tilẹ̀ fi àwòrán ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ mìíràn sí i. Ó dáa. Ẹni tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ náà wá ńkọ́? Mo wá ọ̀rọ̀ ìjókòó títí, ìlà kan péré ni mo rí: ẹ ní ìjókòó rẹ̀ rọ̀, aláwọ ni. Olóòtú, ìlà kan yẹn ló mú mi gbé bíìrò. Ìjókòó tó rọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èmi di arọ.

Ọmọ ọdún 57 ni mí. Adìẹ ni mò ń sìn, ẹyin ni mò ń tà, ó ti lé ní 20 ọdún. Èmi fúnra mi ni mo máa ń fi ọkọ̀ gbé ẹyin lọ bá àwọn oníbàárà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, torí mi ò fọkàn tán ẹni tó ń wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpò oúnjẹ adìẹ kan, mi ò lè nàró mọ́. Nǹkan dún kà nínú ẹ̀yìn mi. Ìrora náà gba ìdí ọ̀tún sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn itan, ó dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Dókítà fi àwòrán rẹ̀ hàn mí: wọ́n to eegun léra bí ẹni to kíréètì, márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, tìmùtìmù kékeré kan sì wà láàárín ìkínní àti ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí lọ. Èyí tó wà láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tẹ iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀. Ó ní wọn ò ní là mí, kí n máa ṣe ìdárayá, kí n má gbé ohun wúwo, kí n má sì máa jókòó pẹ́. Mo ní, "Dókítà, kí n má jókòó pẹ́ kẹ̀? Ta ni yóò wa ọkọ̀?" Ó ní kí n wá ọkọ̀ tó bá ẹ̀yìn mi mu. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, àfi bí ẹni pé wọ́n ń kọ ọ́ sára ọkọ̀.

Ọkọ̀ tí mò ń lò nígbà náà kéré, ó sì ti gbó, nítorí náà gbogbo ilé jókòó ìpàdé. Bàbá àwọn ọmọ mi ní píkọ́ọ̀pù ni, kó ga, kó lágbára. Ọmọ mi ọkùnrin ní kó jẹ́ èyí tí táyà rẹ̀ tóbi. Mẹkáníìkì wa ní kó jẹ́ èyí tí pààtì rẹ̀ wọ́pọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Èmi náà ò sọ nǹkan kan, mo ṣáà rò pé ọkọ̀ ńlá ò lè ṣàì rọni lọ́rùn. Ẹni tó tà á fún wa ní kí n wà á yípo inú ọgbà rẹ̀. Kọnkéré tó tẹ́jú bíi tábìlì ni, ìṣẹ́jú márùn-ún sì ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ìjókòó náà gbà mí mọ́ra, mo rì sínú rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. A sanwó.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó 60 kíréètì sẹ́yìn rẹ̀, mo gba ọ̀nà. 40 ìṣẹ́jú ni mo fi wà á dé ọ̀dọ̀ oníbàárà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé, mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Mo di ilẹ̀kùn mú, mo tẹrí ba, mo dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó jáde wá gba ẹyin rò pé àdúrà ni mò ń gbà, ó sì dúró dè mí kí n ṣe àmín.

Ẹyin 41 ló fọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò fọ́ káàkiri, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú àwọn kíréètì tó wà níwájú, tó fẹ̀yìn ti iwájú ọkọ̀ níbi tí èmi jókòó sí, ẹyin méjì péré ló fọ́. Àwọn tó wà létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó ti kọjá táyà, ni wọ́n ti di omi. Mo dúró, mo ń wò wọ́n, ó wá yé mi pé ọkọ̀ kì í mì bákan náà níbi gbogbo, àti pé ohun tó fọ́ ẹyin náà ló ń fọ́ ẹ̀yìn. Ohùn lásán ló ya orúkọ àwọn méjèèjì.

Mo pe mẹkáníìkì. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ wá wo nǹkan." Mi ò lè bẹ̀rẹ̀, ó fi fóònù rẹ̀ ya á fún mi. Àwọn irin pẹlẹbẹ ni, bíi márùn-ún, wọ́n tò wọ́n léra bí ewé, wọ́n wá dè wọ́n mọ́ ọ̀pá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ó ní sípíríǹgì rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣe é kó lè gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan láìwó. Ẹ wá ro ó wò: ẹyin 1,800, àti èmi tí mo wà á, a ò tó àgbà ènìyàn mẹ́ta lórí òṣùwọ̀n. Irin tó ń retí tọ́ọ̀nù kan ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan gun òun. Kò ní tẹ̀. Tí kò bá sì tẹ̀, kòtò tí táyà bá bọ́ sí, ìdí awakọ̀ ni yóò gbà á. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ru òkúta fi ń yin ọkọ̀ tí èmi ń bú. Tirẹ̀ kún, tèmi ṣófo.

Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n lọ́ bí okùn, tó dà bíi sípíríǹgì inú bíìrò ṣùgbọ́n tó nípọn. Èyí a máa tẹ̀, a sì máa dìde jẹ́jẹ́. Toyota Hilux, Isuzu D-Max, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n gbára lé lẹ́yìn, mi ò sì bú wọn, iṣẹ́ ẹrù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ram 1500 ti bọ́ sí èyí tí wọ́n lọ́ láti inú ti ọdún 2009. Toyota Tundra ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ti ọdún 2022 jáde. Nissan Navara náà ní èyí tó ń lò ó. Honda Ridgeline àti Ford Maverick tún yàtọ̀, torí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn, kò sí férémù tí wọ́n dá ṣe kí wọ́n tó gbé ara ọkọ̀ lé e. Ní ti Ridgeline, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá kojú kòtò tirẹ̀, èkejì ò ní bá a fò. Ẹ wò ó, Olóòtú, mo ti kọ èyí sínú gbólóhùn díẹ̀. Ṣé àyè ò sí fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìkọ́ yẹn ni?

Obìnrin tó ń fi ìdárayá tọ́jú mi nílé ìwòsàn, fisió ni gbogbo wa ń pè é, ló là mí lójú sí ìyókù. Ó ní ìgbọ̀nrìrì kan wà tí eegun ẹ̀yìn ẹni tó jókòó máa ń bá jó: èyí tó ń lọ sókè sódò nígbà mẹ́rin sí mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ọkọ̀ bá ń mì ní ìwọ̀n yẹn, ara kì í pa á, ńṣe ló ń fi kún un. Ó ní kì í ṣe àròsọ rárá, pé ní 2002 àwọn ìjọba Yúróòpù ṣòfin lórí rẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa jókòó lórí ohun tó ń mì, wọ́n wọn iye tí ara lè gbà lóòjọ́, wọ́n sì ní ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe tó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo gba ara mi síṣẹ́, ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Kí n tó ta ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ohun kan wà tó dín ìyà mi kù, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Afẹ́fẹ́ táyà ni. Ẹni tó ń fẹ́ táyà fún mi máa ń wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà, ó sì ń fẹ́ ẹ títí yóò fi súnmọ́ ọn: 50. Nọ́ńbà ara táyà yẹn, òpin ohun tí táyà lè gbà ni, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ fẹ́. Ohun tí ọkọ̀ fẹ́ wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, béèyàn bá ṣí i. Tèmi ní 33 tí ẹrù ò bá pọ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gun òkúta láìmọ̀. Nígbà tí a dá a padà sí 33, ẹyin tó ń fọ́ dín kù, mo sì sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ táyà ńlá tí ọmọ mi fẹ́ náà, mo ti wá mọ̀ pé táyà tí wọ́n ń pè ní onípele mẹ́wàá, tí wọ́n ṣe fún ẹrù wúwo, ara rẹ̀ le ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ fíìfíì. Ó rẹwà lójú, ẹ̀yìn ló ń sanwó ẹwà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá sọ̀rọ̀ ìjókòó, torí òun ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Fisió bá mi jáde síbi tí mo gbé ọkọ̀ sí. Ó ní kí n wọlé, kí n jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò mí, ó mi orí. Tìmùtìmù náà rọ̀ débi pé ìdí mi ti rì, orúnkún mi ga ju ìbàdí lọ. Ó ní, "Ẹ wo bẹ́ẹ̀lì yín." Ìbàdí mi ti yí sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi ti tẹ̀ bí ọrun. Ó ní bí mo ṣe ń jókòó nìyẹn fún wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, tí mo sì ń sọ pé ìjókòó náà gbà mí mọ́ra. Ó sọ fún mi nípa dókítà ará Sweden kan, Alf Nachemson, tó ki abẹ́rẹ́ bọ tìmùtìmù eegun ẹ̀yìn àwọn ènìyàn láàyè ní àwọn ọdún 1960, tó fi wọn bí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n dúró, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n tẹ̀ síwájú. (Mo bi í pé irú ènìyàn wo ló gbà kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ òun níbẹ̀. Kò dáhùn.) Àwọn tó wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀ bá a jiyàn lórí àwọn kan nínú ohun tó rí, ṣùgbọ́n wọ́n fẹnu kò sórí méjì: ẹni tó jókòó tó tẹ̀ síwájú ń fìyà jẹ tìmùtìmù yẹn, ẹni tó fẹ̀yìn tì dáadáa sì ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sórí ìjókòó.

Ní ti pé kí ènìyàn fẹ̀yìn tì, ó ní kí n má dùbúlẹ̀ bí àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀. Kí ẹ̀yìn ìjókòó kàn rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ ju ìnàró lọ, nǹkan bíi 100 sí 110 digírì. Kí ìbàdí ga ju orúnkún lọ ní ìwọ̀nba. Kí etí tìmùtìmù má kan ẹ̀yìn orúnkún, kí ìka méjì sí mẹ́ta lè wọ àárín wọn, ṣùgbọ́n kí ó gbé itan náà, kó má fi í sílẹ̀ láfẹ́fẹ́ lásán. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn tó ń ṣe píkọ́ọ̀pù ò mọ̀ pé èmi wà láyé. Mo kúrú. Ẹsẹ̀ mi ò gùn. Tí mo bá sún ìjókòó síwájú kí ẹsẹ̀ mi lè tó bíréèkì láìna ìdí, sítíárìn á sún mọ́ àyà mi. Tí mo bá sún un sẹ́yìn kí àyà mi lè simi, màá fi gbogbo ìbàdí na ẹsẹ̀. Ohun tó ń yanjú èyí ni sítíárìn tó ń jáde wá bá awakọ̀, tó sì ń padà, kì í ṣe èyí tó ń lọ sókè sódò nìkan. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ mi ò ní in. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé kankan tí mo kà kí n tó rà á, ti yín náà ò sì yàtọ̀.

Gọgọwú kan sì wà nínú ẹ̀yìn ìjókòó, tó yẹ kó gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ró. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń tà fún wa ni èyí tó ń jáde tó sì ń wọlé nìkan. Ti ọkọ̀ mi àkọ́kọ́, ẹni tó ga jù mí lọ ni wọ́n ṣe é fún, àárín ẹ̀yìn ló ti ń tì mí, níbi tí kò sí àìsàn. Èyí tó dáa ni èyí tó tún ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kí ènìyàn fúnra rẹ̀ fi wá ibi tí bẹ́ẹ̀lì máa ń wà. Mo fi aṣọ ìnura tí mo ká roboto ṣe tèmi fún ọdún kan. Ó ṣiṣẹ́, àfi pé ó máa ń bọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo bá tẹ bíréèkì.

Jíà alọ́wọ́ ńkọ́? Mo ti wà á láti ìgbà ọ̀dọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Títẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, ẹ̀yìn ń bá ẹsẹ̀ òsì ṣiṣẹ́ nígbàkúùgbà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tí ìrora mi wà ńkọ́? Òun ló ń tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ fún odidi wákàtí kan lójú ọ̀nà tó já gaara. Bọ́tìnnì tí ọkọ̀ fi ń di eré kan mú fúnra rẹ̀, tí mo rò pé nǹkan ọ̀lẹ ni, mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà tó ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn. Kò sẹ́ni tó kà á mọ́ ìtọ́jú ẹ̀yìn, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ní in, mi ò yí ara lọ́ mọ́ kí n tó rí ẹ̀yìn.

Nígbà tí mo fẹ́ ra èkejì, mo ní kí gbogbo ilé jókòó sílé. Èmi, aṣọ ìnura mi, àti kíréètì ẹyin kan la lọ.

Ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ bá rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí n jókòó sínú ọkọ̀ náà fún 20 ìṣẹ́jú láìtan ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sùn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ń dùn mí kì í dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó máa ń dé lẹ́yìn ìkẹẹ̀ẹ́dógún, bí àlejò tó mọ àkókò oúnjẹ. Ọkọ̀ méjì ṣubú níbẹ̀, mi ò tilẹ̀ tí ì tan ẹ́ńjìnnì. Ìkẹta, mo wọlé, mo jáde, mo wọlé, mo jáde, nígbà mẹ́wàá. Bí mo ṣe ń wọlé rèé: mo yí ẹ̀yìn sí ìjókòó, mo fi ìdí jókòó, mo wá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ò ṣeé ṣe tí ìjókòó bá ga ju ìdí ẹni lọ, nítorí náà èyí tí wọ́n ti gbé sókè kó lè ga dáadáa, mi ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dára, ọwọ́ ìdìmú tó wà lára òpó náà dára, ó kàn jẹ́ pé nínú àwọn ọkọ̀ kan, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n fún ní ìdìmú, awakọ̀ ò ní. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Kò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ní òun àti èmi ń lọ sójú títì, wákàtí kan, lórí ọ̀nà tó dáa àti lórí èyí tí kò dáa, ọkọ̀ ní òfìfo. Kó má ní ẹrù ni mo fẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń padà sílé. Ó kọ̀. Mo jáde. Ẹni kejì tí mo lọ bá gbà, lẹ́yìn tí mo fi ìwé ìwakọ̀ mi àti owó àsansílẹ̀ dúró. Mo gbé kíréètì mi sí ẹ̀yìn pátápátá, létí ilẹ̀kùn, mo dè é. Mo sì yọ fóònù àti pọ́ọ̀sì kúrò lábẹ́ ìdí. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ èyí: pọ́ọ̀sì tó nípọn nínú àpò ìdí ń gbé ìdí kan ga ju èkejì lọ, ó sì lè máa tẹ iṣan tó gba ibẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ń sọ pé ẹsẹ̀ òsì ń ta òun ṣàṣà. Ó yọ tirẹ̀, ó ní ó fúyẹ́. Ìwé owó tó ti gbó àti káàdì tí kò lò mọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé, ẹyin kan ló fọ́. Ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀ wá kà á fúnra rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi sọ̀kalẹ̀ láìdi ilẹ̀kùn mú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sanwó. Mo lọ sílé, mo sùn, mo dúró kí ilẹ̀ mọ́, torí ẹ̀yìn mi máa ń fi ẹjọ́ pa mọ́ di òwúrọ̀. Òwúrọ̀ dé, kò rojọ́. Ìgbà yẹn ni mo padà lọ.

Mi ò ní dárúkọ ọkọ̀ tí mo rà. Ìdí mi kì í ṣe ìdí yín. Aládùúgbò mi kan tó ga bí ọ̀pẹ jókòó sínú rẹ̀, ó ní orí òun kan òrùlé, pé ìjókòó náà kúrú lábẹ́ itan òun. Kò parọ́.

Ẹrù gbígbé tún wà níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń já bọ́ gbì, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi agbára gbé padà, kí ẹ wá èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ti ń ṣe é. Mo ní igi gígùn kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu, òun ni mo fi ń fa kíréètì tó bá wà ní jínjìn wá sẹ́bàá mi, mi ò nawọ́ wọ inú ọkọ̀. Kò sì sí ọjọ́ tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo gbé nǹkan lójú ẹsẹ̀. Fisió ní ẹ̀yìn tó ti jókòó pẹ́ ti dẹ̀, kí n rìn díẹ̀ kí ó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi ń kí àwọn ènìyàn, mo sì ti wá di ẹni tó ń kíni jù ládùúgbò. Bí ìrìn bá gùn, mo máa ń dúró lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Mi ò pe ara mi ní dókítà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú, tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ láàárín itan, tàbí tí ìtọ̀ àbí ìgbẹ́ rẹ̀ bá di ohun tí kò lè dá dúró mọ́, kí ó má wá ọkọ̀ rà, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀, Olóòtú. Nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé nípa píkọ́ọ̀pù, kí ẹ bá wa wọn bí ìjókòó ṣe ga sí ilẹ̀. Ẹ sọ bóyá sítíárìn ń jáde wá bá awakọ̀. Ẹ sọ bóyá irin pẹlẹbẹ ló wà lẹ́yìn tàbí èyí tí wọ́n lọ́. Ẹ sọ bóyá gọgọwú ẹ̀yìn ìjókòó ń lọ sókè tàbí ó kàn ń tini láàárín ẹ̀yìn. Kí ẹ sì wà á ní òfìfo, nítorí pé ọkọ̀ tí ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wá, àpò sìmẹ́ńtì ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dájú pé yóò rìn bí ẹyẹlé.

Mo fura pé ọ̀dọ́kùnrin tó kọ èyí tó kọjá ò tíì pé 30 ọdún. Tí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò bá a jókòó nínú èyí tó kàn, ẹ kọ̀wé sí mi. Wákàtí kan ni mo fẹ́ o, mi ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi ni màá gbé kíréètì wá.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́yin